Bí a ṣe ń mú alùpùpù bá ọwọ́ kékeré mu, àti bí a ṣe ń dáàbò bò ó bó bá ṣubú

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nídìí alùpùpù, èmi ni ọmọdé inú òwe yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewú ti wà lórí mi. Láti ọrùn ọwọ́ mi dé orí ìka àárín, sẹ̀ǹtímítà 16 péré ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣóńṣó ìka ni mo fi ń fa kílọ́ọ̀ṣì (irin ọwọ́ òsì tí a ń fà láti já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà), kí n tó mọ̀ pé pẹpẹ ọ̀hún ṣeé sọ̀ kalẹ̀, àti pé sípánà méjì pẹ̀lú skúrúdíráfà kan ló ń gbà.

Mo pa ọ̀rọ̀ ìṣubú pọ̀ mọ́ ti ọwọ́ nítorí pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìṣubú tí mò ń sọ kì í ṣe ti orí eré. Ibi tí a ti fẹ́ dúró ni, tàbí ibi tí a ti ń yí alùpùpù padà ní àyè tó há. Ìka kò tètè bá kílọ́ọ̀ṣì, alùpùpù ta síwájú lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì kú, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sì wà nílẹ̀. Ó ti dùbúlẹ̀ nìyẹn. Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá ń wá gáàdì, irin tó ń dáàbò bo alùpùpù, kiri pé kó kọ́kọ́ jẹ́ ká wo lẹ́fà rẹ̀ ná, ìyẹn irin tí ìka ń fà níwájú hándù fún bíréèkì tàbí kílọ́ọ̀ṣì.

Ẹ wo ọwọ́ yín lórí hándù

Ẹ gbé alùpùpù sórí sítáǹdì ńlá. Bí kò bá ní, kí ẹnì kan bá yín dì í mú ṣinṣin. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ìbọ̀wọ́ tí ẹ fi ń gùn ún gan-an ni kí ẹ wọ̀, torí ìbọ̀wọ́ tó nípọn máa ń jẹ lára gígùn ìka. Ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó. Ẹ má tẹ̀ síwájú láti ran ọwọ́ lọ́wọ́ o. A máa ń ṣe é láìmọ̀.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá rọ́bà hándù mú dáadáa, kí ẹ wá na ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín sórí lẹ́fà. Ẹ wo ibi tí lẹ́fà bọ́ sí lára ìka yín. Bó bá bọ́ sí oríkèé àkọ́kọ́ láti òkè, tàbí tó wọlé díẹ̀ sí i, ó dára. Bó bá jẹ́ ibi èékánná nìkan ló kàn án, ó ti jìnnà jù. Bó bá wá jẹ́ pé ẹ ní láti tú àtẹ́lẹwọ́ kúrò lára rọ́bà kí ìka tó débẹ̀, ẹ má gùn ún jáde títí ẹ ó fi tún un ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún tó bá ń tú láti wá bíréèkì lè yí iná (ìyẹn ọwọ́ hándù tí a ń yí kí eré pọ̀ sí i) mọ́ ọn láàárín kan náà.

Ẹ yí i, ẹ sún un, kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ẹ na apá yín síwájú báyìí, kí ẹ ká ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni ń dá ọkọ̀ dúró. Ẹ ó rí i pé àwọn ìka fúnra wọn ń fẹ́ ká wọlé, nínà wọn kò rọrùn mọ́. Ohun tí lẹ́fà tó ga jù ń ṣe fún ọwọ́ nìyẹn. Bí ọrùn ọwọ́ bá tọ́, ìka tí kò tó tẹ́lẹ̀ lè débẹ̀ láìjẹ́ pé a pààrọ̀ nǹkan kan.

Irin kan wà tó gbá hándù mú, òun ni lẹ́fà so mọ́. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìdè lẹ́fà. Ẹ tú bóòtù rẹ̀ díẹ̀, kó kàn lè yí, ẹ má yọ ọ́. Ẹ yí i sísàlẹ̀ títí ìgbọ̀nwọ́, ọrùn ọwọ́ àti ìka yóò fi wà lórí ìlà kan náà. Ní apá ọ̀tún, ẹ máa wo agolo kékeré tí epo bíréèkì wà nínú rẹ̀: kò gbọdọ̀ dagun débi tí afẹ́fẹ́ á fi ráyè wọ inú ọ̀nà epo, rọ́bà tí epo ń gbà kò sì gbọdọ̀ fà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ sún ìdè lẹ́fà wọ inú, sí ọ̀nà àárín hándù. Ìbú ìka kan lè tó. A fẹ́ kí ìka méjì yẹn dé apá ìparí lẹ́fà, kì í ṣe ìdí rẹ̀. Ẹni tó ti fi ọ̀pá yí òkúta rí mọ ìdí: bí ọwọ́ bá ṣe sún mọ́ orí ọ̀pá tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ṣe ń fúyẹ́ tó. Ṣùgbọ́n lára alùpùpù mìíràn, orí lẹ́fà jìnnà sí hándù ju ìdí rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ máa sún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ dán an wò. Bí ilé àwọn bọ́tìnì bá dínà, òun náà ṣeé sún. Àmọ́ òmíràn ní ìṣó kékeré tó wọ ihò lára hándù, ẹ má fi agbára fà á.

Bíréèkì kò gba àwàdà

Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù tó ní bíréèkì olómi, òrùka kékeré kan wà ní ìdí lẹ́fà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ẹ fi ọwọ́ kan ti lẹ́fà síwájú, kí ẹ fi ìkejì yí òrùka náà. Lẹ́fà yóò sún mọ́ hándù tàbí kó jìnnà sí i. Ẹ má gba nọ́ńbà gbọ́ lásán, torí 1 lè jẹ́ èyí tó jìnnà jù lára ọ̀kan, kó jẹ́ èyí tó sún mọ́ jù lára òmíràn. Ojú ni kí ẹ fi wò ó.

Àwọn kan kò ní òrùka, skúrúù kékeré ló wà níbi tí lẹ́fà ti ń ti písítìn, irin inú tó ń ti epo bíréèkì. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ rọra. Bí ẹ bá yí skúrúù yẹn kọjá ààlà, yóò máa ti písítìn nígbà tí ọwọ́ kò tilẹ̀ kan lẹ́fà. Epo tí bíréèkì lò kò ní lè padà sínú agolo mọ́. Bíréèkì á máa rá gìrì mọ́ táyà, á gbóná, epo inú rẹ̀ á wú, á sì tún fún mọ́ra sí i, títí táyà iwájú á fi gán lójijì.

Àyẹ̀wò mẹ́ta ni mo máa ń ṣe, n kì í fo ọ̀kankan. Mo máa ń fi ìka kan mi lẹ́fà: ó gbọ́dọ̀ lọ díẹ̀ lófìfo kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti nǹkan. Mo máa ń fún un pẹ̀lú gbogbo agbára mi: kò gbọ́dọ̀ kan rọ́bà hándù, kò sì gbọ́dọ̀ kan ìka méjì tó kù, àwọn tó ṣì di hándù mú. Lẹ́yìn náà màá gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, màá fún bíréèkì, màá tú u, màá sì fi ọwọ́ yí táyà. Bí kò bá yí wẹ́rẹ́, mo ti ṣi í ṣe, màá tún un yí padà.

Kílọ́ọ̀ṣì

Kílọ́ọ̀ṣì oníwáyà ní ohun tí bíréèkì kò ní: a lè yan ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ fa lẹ́fà kílọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìka kan, jẹ́jẹ́. Yóò kọ́kọ́ lọ lófìfo kó tó wúwo. Àyè òfìfo yẹn ni kí ẹ wọ̀n ní orí lẹ́fà. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, mílímítà 10 sí 20 ni ìwé tó bá alùpùpù wá máa ń sọ. Tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Lára wáyà, níbi tó ti wọ ìdè lẹ́fà, ẹ ó rí kókó kan tí ó ṣeé fi ọwọ́ yí, pẹ̀lú òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tó tì í pa. Ẹ tú òrùka yẹn, kí ẹ yí kókó náà. Bí àyè òfìfo bá pọ̀ sí i, alùpùpù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra nígbà tí lẹ́fà ṣì wà nítòsí hándù, níbi tí ìka kékeré ti lágbára. Bí àyè bá dín kù, ó di ìgbà tí ìka bá ti nà tán kó tó gbéra, ibẹ̀ gan-an sì ni ọwọ́ wa kì í ti lè rọra tú nǹkan. Nítorí náà, ìparí ààlà tí ìwé fún wa, ní ọ̀dọ̀ èyí tó pọ̀, ló máa ń bá wa lára mu. Bí kókó òkè bá ti yí tán, òmíràn wà nísàlẹ̀, nítòsí ẹ́ńjìnnì.

Ẹ má kọjá ààlà ní ìhà méjèèjì. Àyè òfìfo tó pọ̀ jù kò ní jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì tú tán: alùpùpù á máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ fà á tán, jíà á máa dún gbàgà, kò sì ní fẹ́ padà sí nútírà, ibi tí kò ti sí jíà kankan. Àyè tí kò sí rárá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn páálí kílọ́ọ̀ṣì kò ní fara mọ́ ara wọn dáadáa, wọ́n á máa yọ̀, wọ́n á sì jó. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ nìyí: ẹ wà lórí jíà òkè, ẹ fún un níná, ẹ́ńjìnnì ń ké sókè ṣùgbọ́n eré kò pọ̀ sí i. Ẹ ṣe àyẹ̀wò náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù àti lẹ́yìn tó ti gbóná dáadáa, nítorí àyè náà lè yí padà.

Bí lẹ́fà bá wúwo, ẹ má tètè bú ọwọ́ yín. Tèmi wúwo fún oṣù mẹ́ta, mo sì gbà pé ara ló ń dàgbà. Ọjọ́ tí mo tú wáyà ọ̀hún ni mo rí i pé fọ́nrán mẹ́rin ti já nínú rẹ̀, wọ́n yọ ẹnu síta bí irun ìmú, wọ́n ń họ inú ike tó bò wọ́n. Mo ra wáyà tuntun, ìka méjì sì tó láti ọjọ́ náà. Bí fọ́nrán kankan kò bá tíì já lára tiyín, ẹ kán epo tó ṣàn sínú rẹ̀ láti òkè títí yóò fi yọ nísàlẹ̀. Ẹ yọ bóòtù tí lẹ́fà ń yí lé, ẹ nù ún, ẹ fi gíríìsì ra á. Ẹ tún wo ọ̀nà tí wáyà gbà: bó bá ká kọ́rọ́kọ́rọ́ níbì kan, ibẹ̀ ni agbára yín ń ṣòfò sí.

Tí kò bá ṣì tó

Ìgbà yìí ni ríra nǹkan kàn. Lẹ́fà tí a lè sún mọ́ hándù wà fún ọ̀pọ̀ alùpùpù, kódà fún àwọn tí ilé iṣẹ́ kò fún ní òrùka. Ti irú alùpùpù yín gan-an ni kí ẹ rà, nítorí ìyàtọ̀ mílímítà kan níbi tó ti ń ti písítìn tó láti mú wàhálà tí mo sọ lókè wá. Nípa lẹ́fà kúkúrú tó lẹ́wà yẹn, n kò fẹ́ràn rẹ̀ fún ọwọ́ kékeré: kì í jẹ́ kí ìka jìnnà sí ìdí lẹ́fà, nítorí náà ó máa ń wúwo sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fi òòlù tẹ lẹ́fà tó wà lára rẹ̀ wọlé. Alumíníọ̀mù dídà kì í gba títẹ̀. Bí kò bá kán lójú ẹsẹ̀, yóò pa ìlà sínú, yóò sì dúró de ọjọ́ tí ẹ bá fún bíréèkì gidi.

Rọ́bà hándù tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń ràn wá lọ́wọ́ ju bí a ti rò lọ. Bí ohun tí a gbá mú bá tóbi, ó ti jẹ ìka kù kó tó nà. Irin hándù sábà máa ń jẹ́ mílímítà 22 níbi tí a ti ń dì í mú, ṣùgbọ́n ihò rọ́bà apá ọ̀tún tóbi ju ti òsì lọ nítorí ike tó ń yí iná, nítorí náà méjì-méjì ni wọ́n ń tà á, ẹ má fi ọ̀kan dípò èkejì. Rọ́bà tó ń gbóná fún ìgbà òtútù máa ń nípọn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré á ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Bí orí ìka rẹ̀ bá gùn ju ìka yín lọ, yóò máa há sáàárín lẹ́fà àti hándù.

Kí ẹ tó jáde, ẹ tan ẹ́ńjìnnì ní nútírà, kí ẹ yí hándù lọ sí òsì pátápátá, kí ẹ yí i lọ sí ọ̀tún pátápátá. Ohùn ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ yí padà. Bó bá ké sókè, wáyà iná ti fà níbì kan. Mílímítà 2 sí 6 ni ọwọ́ iná sábà máa ń yí lófìfo kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ fò padà fúnra rẹ̀ bí ẹ bá tú u. Ẹ rí i dájú pé àtàǹpàkò yín dé fèrè àti bọ́tìnì tó ń pa ẹ́ńjìnnì láìtú ọwọ́.

Kí ilẹ̀ má baà rí nǹkan jẹ

Bí alùpùpù bá dùbúlẹ̀ láti ìdúró, ibi mélòó kan ló ń kanlẹ̀: orí lẹ́fà, ìparí hándù, díńgí, iná ìyàsọ́nà, ìtẹ̀lẹ́sẹ̀, àti ìdérí ẹ́ńjìnnì tó yọ síta jù. Ẹ rìn yí tiyín ká, kí ẹ fi ojú dá a dùbúlẹ̀ sí òsì, kí ẹ dá a dùbúlẹ̀ sí ọ̀tún. Ohun tí ẹ bá rí pé yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀ ni kí ẹ dáàbò bò, kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń tajà bá nà sí yín.

Àbò àkọ́kọ́ kò náni ní kọ́bọ̀, àwọn tó ń gun alùpùpù inú igbó ló sì mọ̀ ọ́n jù. Ẹ má di bóòtù ìdè lẹ́fà kílọ́ọ̀ṣì pa bí ẹni ń de olè. Kó le tó pé bí ẹ bá ń fa lẹ́fà kò ní mì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láti òkè kó yí lórí hándù. Bí ó bá ṣubú, lẹ́fà á yí kúrò lọ́nà dípò kó kán. Ní apá bíréèkì, ẹ tẹ̀ lé ohun tí ìwé sọ. Lẹ́fà mìíràn ní kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ nítòsí orí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, kó lè kán níbẹ̀ kó sì ṣẹ́ èyí tí ìka méjì lè fà kù. N kò ní sọ pé kí ẹ fi ayùn gé irú rẹ̀ fúnra yín.

Àbò ọwọ́, ìyẹn èyí tó ń yí ká iwájú lẹ́fà, oríṣi méjì ni. Ike lásán tó so mọ́ ibì kan ṣoṣo ń dá atẹ́gùn àti òjò dúró, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ní egungun irin nínú, tó dè mọ́ ìparí hándù àti àárín rẹ̀, ni ó ń gba lẹ́fà là. Bí ẹ bá ti dè é tán, ẹ tún fa lẹ́fà méjèèjì dé òpin, kí ẹ sì yí hándù dé òpin, kó má lọ kan táǹkì.

Fún ẹ́ńjìnnì, irin gáàdì ni mo yàn láàyò, kì í sì í ṣe torí pé ó lágbára nìkan. Gáàdì tó yọ síta dáadáa kì í jẹ́ kí alùpùpù sùn gbalaja. Ó máa ń fara ti gáàdì náà, gbígbé e sì ń rọrùn fún ẹni tí ara rẹ̀ kéré. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ àti iye ibi tó ti so mọ́ férémù. Èyí tó so mọ́ ibì kan ṣoṣo á yí bí ó bá kanlẹ̀. Kò gbọdọ̀ dí ẹsẹ̀ tó ń yí jíà lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ dí bóòtù tí a fi ń da epo ẹ́ńjìnnì nù, táyà iwájú kò sì gbọdọ̀ kàn án nígbà tí ṣọ́kù bá wọlé tán. Kókó ike tí wọ́n ń fi bóòtù kan ṣoṣo de mọ́ férémù náà wúlò, pàápàá lára alùpùpù oníke, èyí tí ike bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá gùn jù, á di ọ̀pá ní ọwọ́ ilẹ̀, á sì tẹ férémù tó yẹ kó dáàbò bò. Bóòtù tó di ẹ́ńjìnnì mú ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ láti fi dè é, nítorí náà ẹ ti nǹkan sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì ṣe apá kan tán kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì.

Ìdúró àti ìṣubú

Ẹ wá irin pẹlẹbẹ tàbí pákó fún ìdí sítáǹdì níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Ẹ fi í sí jíà kìíní bí ẹ bá dúró, kí hándù yí sí ọ̀dọ̀ sítáǹdì. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí iwájú kọjú sókè. Ó tán.

Ìwà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí: fífún bíréèkì iwájú nígbà tí hándù bá yí, ní eré ẹlẹ́sẹ̀. Hándù á ká wọlé, ìwọ̀n alùpùpù á sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ tó mí. Bí hándù bá ti yí, bíréèkì ẹsẹ̀ ni kí ẹ lò. Ó tún fún ọwọ́ ọ̀tún ní ìsinmi.

Bó bá sì ti tẹ̀ kọjá ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ yọ ẹsẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹ fò sẹ́yìn. Irin là ń rà. Mo ti gbìyànjú láti gbé e dúró rí pẹ̀lú apá kan. Alùpùpù ṣubú náà ni, èjìká mi sì ro mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Láti gbé e dìde: ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ sì ti ọ̀nà epo bó bá ní. Bí ó bá sùn sí ẹ̀gbẹ́ tí kò sí sítáǹdì, ẹ kọ́kọ́ na sítáǹdì jáde, kó má lọ ṣubú sí òdìkejì. Ẹ fi í sí jíà. Ẹ yí hándù dé òpin, kí orí táyà iwájú kọjú sílẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ fi ìdí ti ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, ẹ fi ọwọ́ kan di ìparí hándù tó wà nísàlẹ̀ mú, kí èkejì di férémù mú, kó má jẹ́ irin tó gbóná. Ẹ̀yìn yín gbọ́dọ̀ tọ́. Wàyí, ẹ fi itan tì í, kí ẹ máa rìn sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kéékèèké. Agbára ọwọ́ kọ́ ló ń gbé e, itan ni.

Ẹ má tan án lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ bóyá epo dà, ẹ wo òṣùwọ̀n epo ẹ́ńjìnnì, ẹ fún bíréèkì méjèèjì, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹ yí ọwọ́ iná kí ẹ rí i pé ó ń fò padà. Bó bá pẹ́ lórí ilẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró bí ìṣẹ́jú mélòó kan kí epo padà sí àyè rẹ̀. Alùpùpù ìgbàlódé mìíràn ní ohun tó ń mọ̀ pé ó ti ṣubú, tó sì ń pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Bó bá kọ̀ láti tan, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ ka dé mẹ́wàá, ẹ ṣí i padà. Bó bá jẹ́ lẹ́fà ló kán, èyí tí ẹ ti lò tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó ra tuntun ń bẹ lábẹ́ ìjókòó, àbí ẹ ti jù ú nù?